Ìṣọ́ Òru Tó Bọ́ sí Títì

Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, bí aago mọ́kànlá bá ti ń lù, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe ìṣọ́ òru ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn á ti ti géètì wọn. Àwọn ìyá á ti wé ìborùn mọ́rí, àwọn ọmọ kékeré á ti sùn sórí ẹní lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á sì máa gbé àdúrà kiri àdúgbò títí di aago mẹ́rin ìdájí. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń gbàdúrà fún, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n kó ẹgbẹ́ búburú, pé kí ó yọ wọ́n lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn, kò sí nínú ilé náà. Iwájú gáréèjì ni wọ́n wà, lórí ọ̀kadà tí wọ́n gbé dúró, nídìí paraga àti ìgò ọtí.

Orúkọ ọmọ tó wà lókè òkun náà kì í gbẹ́yìn nínú àdúrà yìí. Bí ọmọ bá ti rí físà gbà, tó sì ti dé Lọ́ńdọ̀nù, ọkàn ìyá rẹ̀ a balẹ̀ díẹ̀, pé ó kúkú ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú. Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá ló gbà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2000, nígbà tí ikú ọmọ kan já ìgbàgbọ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Dámilọ́lá ni orúkọ ọmọ náà, Dámilọ́lá Taylor. Ìlú Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 1989. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2000 ni ìyá rẹ̀ kó òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nítorí wárápá tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jà, kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá wọn, Richard Taylor, dúró sí Nàìjíríà nídìí iṣẹ́ ìjọba. Wọn kò tí ì lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ́yìn yọ. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kọkànlá, ọmọ náà lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé Peckham. Ẹ̀rọ ayàwòrán ká a bó ṣe ń fò fẹ́rẹ́ kọjá lọ níta. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, ó ti ṣubú sórí àtẹ̀gùn ilé kan ládùúgbò náà, àfọ́kù ìgò ti ya á nítan. Ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀ ló pa á, nígbà tó ku ọjọ́ 10 kó pé ọmọ ọdún 11. Ó di ọdún 2006 kí ilé ẹjọ́ tó dá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì lẹ́bi ikú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe é, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 12, èkejì jẹ́ 13.

Ọjọ́ orí tí ọmọ fi ń jókòó ti àgbà nídìí òfì ní Ìsẹ́yìn láti kọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Richard Taylor ìbá ti padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá a wí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2001, òun àti Gloria aya rẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ ọmọ wọn, láti wá ohun gidi fún àwọn ọ̀dọ́ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ láti ṣe. Gloria kú ní ọdún 2008. Ọkọ rẹ̀ ń bá iṣẹ́ náà lọ, ó ń bá àwọn ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀bẹ àti ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́, títí òun náà fi kú nínú oṣù Kẹta ọdún 2024.

Àwọn ìjọ náà kò dákẹ́. Ní Brixton, tí kò jìnnà sí Peckham, ni òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, Les Isaac, ọmọ bíbí erékùṣù Antigua, ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Street Pastors nínú oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2003, lásìkò tí ìbọn àti ọ̀bẹ ń pa àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn ọmọ ìjọ lóríṣiríṣi ni wọ́n ń kọ́ níṣẹ́, tí wọ́n á wọ ẹ̀wù àti fìlà tó ní orúkọ ẹgbẹ́ náà lára, tí wọ́n á sì jáde sí títì lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, láti nǹkan bí aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́rin ìdájí. Wọn kì í gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání, wọn kì í sì í wàásù fún ẹni tí kò béèrè. Omi ni wọ́n ń gbé, àti sílípáàsì fún ọmọbìnrin tí bàtà gogoro ti dá lágara. Wọ́n á jókòó ti ẹni tó mutí yó títí èèyàn rẹ̀ á fi dé. Wọ́n á bá àwọn ọmọkùnrin tó dúró sí kọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí wọn yóò fi mọ orúkọ wọn. Wọ́n sì ń ṣa ìgò. Ìgò ọtí tí wọ́n gbé sílẹ̀, àti èyí tó ti fọ́, ni wọ́n ń kó kúrò nílẹ̀, kí ẹni tínú ń bí má baà rí i mú. Ẹni tó bá rántí ohun tó pa Dámilọ́lá kò ní fojú kékeré wo iṣẹ́ yẹn.

Àwọn mìíràn wà tí kì í jáde. Wọ́n á máa gbàdúrà ní gbogbo wákàtí náà, àwọn tó wà níta á sì máa fi fóònù sọ fún wọn ohun tó délẹ̀. Ìṣọ́ òru náà ni, àfi pé apá kan rẹ̀ wà lójú títì.

Kí ló wá kù tí Òkè-Ògùn kò ní? Àwọn ìjọ ibẹ̀ mọ òru í ṣọ́. Àwọn Onítẹ̀bọmi kò dúró de aláìsàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́ Ìsinmi, ilé ìwòsàn ni wọ́n kọ́ sí Ṣakí. Òótọ́ ni pé òru Òkè-Ògùn kì í ṣe òru Brixton. Ọ̀nà ibẹ̀ ṣókùnkùn, àwọn ajínigbé sì wà nínú igbó, kò sì sí ẹni tó gbọ́n tí yóò rán àwọn ìyá ìjọ sí ẹ̀yìn odi ìlú láago méjì òru. Ṣùgbọ́n inú ìlú ni gáréèjì wà, aago mẹ́jọ alẹ́ sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má sì kó Amọ̀tẹ́kùn lẹ́yìn lọ síbẹ̀. Ẹni tó gbé ìbọn ni iṣẹ́ Amọ̀tẹ́kùn kàn. Bí àwọn ọmọ náà bá fura pé alámì ni ará ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ẹgbẹ́ òkùnkùn kúkú kì í ṣe ìtàn òkè òkun. Ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 1999, akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ni wọ́n pa lóru ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ti kọjá ọgbà ilé ẹ̀kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ àti ọlọ́kadà.

Ibi tó le jù ni ilé ìyá ẹni tó ṣe é. Bí wọ́n bá pa ọmọ kan, ìjọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n á wá sìnkú, wọ́n á gbé ìrẹsì wá, wọ́n á dá owó jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ìyá náà nìkan ni yóò kù sílé. Ṣùgbọ́n ta ní ń lọ kí ìyá ọmọ tó gún un? Bó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn á sún kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ó lè ní àbúrò rẹ̀ nílé, ọmọ ọdún 12 tàbí 13, tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wá pè. Ó sì lè jẹ́ Mùsùlùmí, nítorí àwọn ló pọ̀ jù ní Ìsẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti ń kírun. Bí ìtìjú kò bá jẹ́ kí wọ́n lọ lọ́sàn-án, Nikodémù náà, òru ló lọ.

Ní aago mẹ́rin ìdájí Àbámẹ́ta, géètì á ṣí. Àwọn ìyá á gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n á fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wolẹ̀, wọ́n á sì máa rọra gbẹ́sẹ̀ kọjá níwájú gáréèjì, kí ìgò tó fọ́ síbẹ̀ má baà gún wọn lẹ́sẹ̀.