Adìẹ Ń Làágùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí á mọ̀. Bí a bá ń wá iṣẹ́ kan tí òwe yìí bá mu régí, mo rò pé iṣẹ́ oníjó ni, pàápàá jù lọ iṣẹ́ àwọn tí ń jó ijó ballet. Gbogbo ìlànà ijó náà ni a gbé kalẹ̀ kí òǹwòran má baà rí òógùn. Ẹni tí ó ti san owó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí ó jókòó sínú òkùnkùn, ohun tí ó ń retí ni kí ènìyàn fò bí ìyẹ́, kí ó balẹ̀ bí òwú, kí ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Bí ó bá fi lè gbọ́ bí oníjó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, a jẹ́ pé iṣẹ́ ti bàjẹ́ díẹ̀ nìyẹn.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń jẹun nídìí ijó yìí ní ìlú London. Bàbá rẹ̀, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n mi, kò gbà fún ọdún pípẹ́ pé iṣẹ́ ni. Bí àwọn ènìyàn bá bi í léèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe ní Ìlú Ọba, a ní, "Ó ń kàwé." Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ojú ń tì í ni. Orúkọ tí àwọn baba wa fún àwọn òṣèré àtijọ́, "alárìnjó", èébú ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ sínú ìwé. Ẹni tí kò níṣẹ́ tí kò lábọ̀, tí ó ń rìn tí ó ń jó kiri, ni wọ́n ní lọ́kàn. Èmi lo sáà kan gbáko lọ́dọ̀ ọmọ náà, láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù keje ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí, kí ẹni tí yóò bá pe iṣẹ́ náà ní ìranù lè mọ ohun tí òun ń pè bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ọmọ náà ti wà nílẹ̀ yàrá ìjó, tí ó ń na iṣan, tí ó ń fi bọ́ọ̀lù kékeré kan tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí àkókò bá tó, gbogbo wọn a tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá gbọọrọ kan tí a kàn mọ́ ara ògiri, wọn a fi ọwọ́ kan dì í mú, ẹni tí ń tẹ dùùrù a bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ a sì máa dárúkọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní èdè Faransé. Èdè Faransé ni wọ́n ń lò, ìbáà ṣe ní Moscow tàbí ní Havana, nítorí pé ààfin ọba ilẹ̀ Faransé ni ijó náà ti gba ìlànà. Ọba Louis Kẹrìnlá, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníjó, ni ó dá àjọ àwọn ọ̀gá oníjó sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1661. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò ju pé kí a yí ẹsẹ̀ méjèèjì síta láti ìgbáròkó, kí a tẹ orúnkún ba díẹ̀díẹ̀, kí a sì tún nàró. Ọmọ ọdún méje tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ijó a máa ṣe é. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé àgbà oníjó tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri níta, òun náà ń ṣe é lójoojúmọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ́ tí a gbà síṣẹ́ lánàá. Kò sí ẹni tí ó gboyè jáde níbẹ̀. Ó rán mi létí àwọn babaláwo wa, tí ẹni tí ó ti ń dífá fún ogójì ọdún ṣì ń jókòó ti odù tí ó ti kọ́ ní kékeré.

Lẹ́yìn wákàtí kan ó lé díẹ̀, ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ parí, ìdánrawò sì bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan wà lára ògiri tí ń sọ ẹni tí yóò wà ní yàrá wo, ní aago mélòó, fún eré wo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe gbajúmọ̀. Ọ̀kan ni nínú àwọn tí ń jó lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí orúkọ wọn ń wà nísàlẹ̀ ìwé. Ó lè kọ́ eré mẹ́ta lọ́jọ́ kan: èyí tí wọn yóò ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà, èyí tí ó di oṣù tí ń bọ̀, àti èyí tí ẹni tí ń ṣẹ̀dá rẹ̀ kò tíì mọ bí yóò ṣe parí. Wọn kì í sáábà ka ìgbésẹ̀ inú ìwé. Ẹnì kan ní ń fi ara rẹ̀ hàn, ẹnì kejì ní ń fi ara rẹ̀ gbà á. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n ń jáwọ́. Ọmọ náà a jẹ oúnjẹ díẹ̀, a di irun rẹ̀, a kun àtíkè, a sì tún na iṣan. Aago méje ààbọ̀ ni aṣọ ìkélé ń ṣí. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òru ni mo máa ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ni n óò gbọ́ omi tútù tí ó ń pọn sínú abọ́ fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni èyí. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, aṣọ ni yóò fọ̀, bàtà ni yóò rán.

Ọ̀rọ̀ bàtà yìí tó ìtàn lọ́tọ̀. Bàtà tí àwọn obìnrin wọ̀nyí fi ń dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé igi tàbí irin wà lórí rẹ̀. Kò sí. Aṣọ àpò àti páálí ni a fi àtè lẹ̀ pọ̀, tí a jẹ́ kí ó gan, tí a wá fi aṣọ dídán bò. Ní ilé iṣẹ́ Freed ní London, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1929, ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń ṣe é. Aṣebàtà kọ̀ọ̀kan ní àmì tí ó ń tẹ̀ sí abẹ́ bàtà tirẹ̀, oníjó a sì máa wá àmì ẹni tí ó mọ ẹsẹ̀ òun, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ilà ojú mọ ọmọ ìlú ẹni. Nígbà tí bàtà tuntun bá dé, ọmọ náà a kọ́kọ́ bà á jẹ́ ná: a gbá a mọ́ ògiri kí ariwo rẹ̀ lè rọlẹ̀, a tẹ ìdí rẹ̀ kọdọrọ, a fi ọ̀bẹ ha abẹ́ rẹ̀ kí ó má baà yọ̀, a rán okùn sí i, a sì fi òwú kó o lórí. Bí ijó bá le, alẹ́ kan ṣoṣo lè pa bàtà kan.

Àwọ̀ bàtà náà tún ńkọ́? Àwọ̀ ara òyìnbó ni wọ́n ń pa á láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè gùn títí dé orí ìka. Lára ọmọ dúdú, ńṣe ni ó ń gé ẹsẹ̀ kúrò lára. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníjó dúdú a máa fi ìpara ojú kun bàtà wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó jáde. Arthur Mitchell, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tí ó dá Dance Theatre of Harlem sílẹ̀ ní ọdún 1969, ni ó sọ ọ́ di òfin nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọ̀ bàtà gbọ́dọ̀ bá àwọ̀ ara mu. Ṣùgbọ́n ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di ọdún 2018 kí Freed àti ẹgbẹ́ Ballet Black tó jùmọ̀ gbé bàtà aláwọ̀ ara dúdú jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi bàtà kan hàn mí tí ó kùn ní ìgbà èwe rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó, Bàbá, wákàtí kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ń sùn ni mo fi ń kun èyí." Mo rò ó síwá sẹ́yìn: ẹnì kan ń san owó orí lórí ara rẹ̀, nínú àkókò tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan.

Ìgbà òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, kí òtútù tó mú gan-an, ni wọ́n ṣe Swan Lake, eré àwọn ọmọbìnrin tí oṣó sọ di ẹyẹ odò funfun ọlọ́rùn gígùn. Nínú ètò tí Petipa àti Ivanov ṣe fún un ní St Petersburg ní ọdún 1895, obìnrin kan a máa fi ẹsẹ̀ kan yípo ní ìgbà 32 láìdúró. Ìyẹn ni àwọn òǹwòran ń kà sókè, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kì í ṣe ibẹ̀ ni ó le jù fún àwọn. Ibi tí ó le jù ni ìgbà tí àwọn ẹyẹ yòókù bá tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìtàgé, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan lélẹ̀, tí wọ́n na ìkejì sẹ́yìn, tí wọ́n tẹ orí, tí wọn kò sì gbọdọ̀ mira níwọ̀n ìgbà tí olórí wọn bá ń jó. Iṣan a máa sún kì. Imú a máa yún wọn. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí kò bá mira lójú agbo, a ó ní kò mọ ijó. Níbẹ̀, ìdúró gan-an jẹ́ ara iṣẹ́.

Oṣù Kejìlá ni ti The Nutcracker, tí Tchaikovsky kọ orin rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1892. Eré ọdún Kérésìmesì ni, òun ni ó sì ń mú owó wọlé fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Wọn a ṣe é ju ogún ìgbà lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ mìíràn, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Ní apá kìn-ín-ní, ọmọ náà jẹ́ yìnyín. Ní apá kejì, ó di òdòdó. Bébà wẹ́wẹ́ ni yìnyín tí ń já láti òkè, a sì máa yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, a máa wọ ẹnu ẹni tí ó bá la ẹnu láti mí. Òòrùn ìlú London ti máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú oṣù náà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí ọmọ náà kò fi ojú kan oòrùn àfi láti ojú fèrèsé.

Inú oṣù kẹta, nígbà tí wọ́n ń dán Giselle wò, ni ọrùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fọ́hùn. Kò ṣubú. Ó fò, ó balẹ̀ dáradára, lẹ́yìn náà ni kò lè gùn sórí ìka mọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé egungun ti sán díẹ̀ láti inú iṣẹ́ àṣejù. Wọ́n ní kí ó jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mo ti rí ọmọ yìí tí àárẹ̀ mú un, n kò rí i tí ẹ̀rù bà á rí. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, díẹ̀ sì ni àwọn tí ń jó irú ijó yìí kọjá ogójì ọdún. Ní alẹ́, a máa jókòó sórí ilẹ̀, a di ọ̀pá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, a sì máa ṣe ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan.

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìbàdàn. Ó bèèrè ẹsẹ̀, ó gbàdúrà, lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Nísinsìnyí tí o kò jó, ṣé wọ́n ń san owó fún ọ?" Ọmọ náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Oṣù kò dúró. Àwọn náà ni wọ́n ń san owó ẹni tí ń tọ́jú ẹsẹ̀ mi." Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ títí. Ó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ó mọ ohun tí ìsinmi àìsàn jẹ́. Ó ní, "Háà. Iṣẹ́ ni nígbà náà." Láti ọjọ́ náà kò tún sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ọmọ òun ń kàwé. Ní oṣù kẹfà, ọmọ náà padà sórí ìtàgé, wọ́n sì fún un ní ìwé ọdún kan sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni n kò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn. Ijó kọ́ ni ó fi mọ iṣẹ́. Owó tí wọ́n ń san nígbà tí ijó dúró ni ó fi mọ̀ ọ́n. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn oníjó tiwa, mélòó ni a ó lè pè ní òṣìṣẹ́? Hubert Ogúndé, tí ó kú ní ọdún 1990, fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ kí ó lè fi eré ṣíṣe jẹun, ó sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n agbára ẹnì kan àti agboolé rẹ̀ ni ó gbé e ró. Oníjó bàtá kan wà ní agbègbè wa, tí ìlù kì í pè kí ó má dáhùn, tí à ń lẹ owó mọ́ níwájú orí ní gbogbo òde. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀ ní ibi ìsìnkú olówó kan. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlù ń bá a lọ, ẹlòmíràn bọ́ sí agbo. Ìdí àtẹ ìyàwó rẹ̀ ni ó ń jókòó báyìí.

A máa ń sọ pé tiwa ni ijó, pé láti inú oyún ni ọmọ Yorùbá ti ń jó. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá sì rò pé Ọlọ́run fi jíǹkí gbogbo ènìyàn, a kì í rí ìdí tí a ó fi sanwó rẹ̀ fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n orúnkún oníjó bàtá náà kò yàtọ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ẹgbẹ́ onílù àti oníjó wà ní ìlú wa gbogbo, wọ́n ní olórí, wọ́n ń dá èésú. Bí wọ́n bá yọ ìdá kan nínú owó òde kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn, tí àwa tí à ń pè wọ́n sóde náà sì fi tiwa lé e, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Mo ti bá ọ̀gá onílù kan sọ ọ́ ní ilé. Ó ní òun yóò mú un dé ìpàdé wọn.