Ohun Tó Tó Kọ Sílẹ̀

Ìyá ìyá mi, ọmọ Òkukù, kò lè sọ ọdún tí wọ́n bí bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń ki bàbá náà, ilẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kó tó dákẹ́. Oríkì kì í ka ọdún. Ohun tí èèyàn ṣe tó yọ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ló ń dì mú. Ìyókù, kò kà á sí.

Mo máa ń rántí ìyá àgbà náà lálẹ́ ní Ìkìrun, bí mo bá ṣí ìwé gíráàfù, tí mo ń fi pẹ́ńsù tọ ipasẹ̀ ṣíà àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún awa-epo: àwọn tó ń bá wọn gbẹ́ kànga, tàbí tó ń fi hẹlikópítà àti ọkọ̀ ojú omi gbé òṣìṣẹ́ wọn, bíi Caverton tó wọ ọjà ṣíà Èkó lọ́dún 2014. Point and figure ni orúkọ àtẹ tí mo ń yà. Bíi ti oríkì, òun náà kì í ka ọjọ́.

Ká ní àpótí kan jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Bí owó ṣíà bá fi kọ́bọ̀ mẹ́wàá gòkè, mo kọ X lé orí X. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, n kò kọ nǹkan kan, ìbáà lo oṣù kan lójú kan. Ìgbà tó bá já tó àpótí mẹ́ta, ọgbọ̀n kọ́bọ̀, ni mo tó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mo bẹ̀rẹ̀ òpó O. Òpó X tó ga ju X ìṣáájú lọ ń sọ pé olùrà ti borí. Òpó O tó rì ju O ìṣáájú lọ ń kìlọ̀ pé ká yẹra.

Lọ́dún 2008, n kò mọ àtẹ yìí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìnísà kó owó àjọ sí ṣíà ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ fún awa-epo. Ojoojúmọ́ la ń béèrè iye rẹ̀. Bó bá gòkè díẹ̀, a ó ní ó ti ń padà bọ̀. Láàárín ọdún kan, ọjà Èkó já ju ìdajì lọ, owó wa sì bá a lọ.

Nígbà tí mo kọ́ àtẹ yìí, mo fi epo rọ̀bì Brent dán an wò, dọ́là márùn-ún ní àpótí kan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, àgbá kan lé ní dọ́là 110. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, kò tó 30. Oṣù mọ́kàndínlógún tí ìròyìn ò dáwọ́ dúró, òpó mẹ́ta péré ló kù nínú ìwé mi: O gígùn, X kúkúrú, O gígùn. X àárín yẹn kò gòkè tó ìdajì ohun tó ti já.

Àtẹ kì í sọ ìdí. Ẹni tó mọ ìtàn ìdílé ló ń tú oríkì. Ẹni tó mọ̀ pé bí owó epo bá já, awa-epo a dín kànga kù, hẹlikópítà a sì jókòó, ló ń tú àtẹ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ṣíà, ẹ pinnu ìwọ̀n àpótí yín àti ibi tí ẹ ó ti jáde kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì ṣe fi owó àjọ rà á. Owó àjọ ní ọjọ́ tí wọ́n ń kó o. Ọjà kì í bá ẹnikẹ́ni ka ọjọ́.