Èwo Ni Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì?

Ẹ kó ọkùnrin márùn-ún tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún jọ ní Ọ̀tùn-Èkìtì, níbi òkú àgbà tàbí lásìkò Kérésì tí tọmọ-tọmọ wálé, kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ wọn pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wo ló dára jù látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀. Oúnjẹ á tutù. Ẹnìkan á ní Peugeot 504 ni. Ẹlòmíràn á ní ìjàpá Volkswagen ni. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní lọ́rì á ní 911 ni, kò sì ní gbà fún ẹnikẹ́ni. Àwa tí wọ́n bí láàárín ọdún 1955 sí 1965 kì í rí ìjiyàn yìí tì, nítorí ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ló gbé wa kúrò nílé lọ síléèwé, lọ síbi iṣẹ́, tó sì gbé òkú àwọn bàbá wa wálé.

Kí ọkọ̀ tó yọ ní kọ́nà la ti ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ò pọ̀ lọ́nà Ìdó sí Ọ̀tùn. Tí ọ̀kan bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, a ó dúró, a ó dẹtí: Bedford ni àbí Austin? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ni gúgúrú ẹni tó ṣì í. Bedford ni bọ́lẹ̀kájà ayé ìgbà náà, àwọn káfíńtà ló ń fi pákó kan ara rẹ̀. Tí a bá ń lọ sí Ìbàdàn, ní òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ọmọ mọ́tò á bẹ́ sílẹ̀, á máa fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé táyà ẹ̀yìn pẹ̀lú ìtì igi tí wọ́n gé dagun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí dẹ́rẹ́bà bá ń wá jíà tí ọkọ̀ fẹ́ yọ̀ padà, gbàgà, ó ti sọ igi sẹ́yìn táyà. Àwọn ìyá tó wà lókè á ké pe Olúwa. Kò sí ẹni tó ń gbèjà Bedford láàárín wa lónìí, ṣùgbọ́n òun ló là wá létí sí ohùn ẹ́ńjìnnì.

Ìjàpá dé lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́dún 1974 ni àbọ̀ ìgbìmọ̀ Údójì jáde, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sókè, ẹni tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ọkọ̀. Ọdún kejì rẹ̀, 1975, ni iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó, tí Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ọ̀pọ̀ tíṣà ní Èkìtì ló yá owó ra ìjàpá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò ní rédíétọ̀, atẹ́gùn ni wọ́n fi ń tu ú lára. Lórí òkè Ẹ̀fọ̀n kan náà, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ṣí ojú sílẹ̀ tí omi ń hó yàà, ìjàpá tíṣà á kọjá wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ kì í sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún ẹ. Ohun tó ń tu ọ́ìlì dí atẹ́gùn mọ́ sílíńdà kẹta lọ́wọ́, nítorí náà ibẹ̀ ló máa ń gbóná jù, fáàfù ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jó. Mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ á fi àyè díẹ̀ kún ti ẹ̀kẹta nígbà tó bá ń tún fáàfù ṣe. Kò sí ìwé tó kọ́ ọ̀pọ̀ wọn ní èyí, ọkọ̀ ló kọ́ wọn. Ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún irú ọkọ̀ yìí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó pa á tì ní Mexico lọ́dún 2003. Mo fún un ní ipò kẹta.

Ipò kejì ni ti 911, lọ́rì Mercedes tó ní imú kúkúrú. OM 352 ni wọ́n ń pe ẹ́ńjìnnì náà, ọdún 1964 ni àwọn ará Jámánì gbé e jáde: dísù ni, sílíńdà mẹ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́fà. Kò sí kábúrétọ̀, kò sí pọ́lọ́ọ̀gì, bí ó bá sì ti ta báyìí, bátìrì lè kú kó má mọ̀. Òun ló kó kòkó wa, òun ló kó iṣu, òun ló kó gẹdú láti inú igbó Èkìtì. Ní Èkó, àwọn tó mọ irin jó kan ilé lé e lórí, wọ́n pè é ní mólùé. Bàbá ọ̀rẹ́ mi kan máa ń sùn sínú tirẹ̀ tí ó bá rin ọ̀nà jìn. Kò sẹ́ni tó lè bá ọ̀rẹ́ mi náà sọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa 911.

Èmi, 504 ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ dáadáa.

Kì í ṣe nítorí agbára. Lọ́dún 1968 tí Faransé gbé ọkọ̀ náà jáde, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò tó lítà méjì, nígbà tí wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1970, lítà méjì ó dín díẹ̀ náà ni. Agbára ẹṣin èyí tó ń lo kábúrétọ̀ ò pé ọgọ́rùn-ún. Lóòótọ́ ó gba ipò kìíní níbi eré ìje ọkọ̀ Safari ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1975, inú ẹrẹ̀ àti eruku bíi tiwa, ìyẹn sì tó ṣe fọ́nńté. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi dúró tì í wà nínú búlọ́ọ̀kì rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ara búlọ́ọ̀kì gan-an ni wọ́n ti gbẹ́ ihò tí písítìnì ń gbà lọ gbà bọ̀. Bí ó bá jẹ, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì tó ń rú èéfín, ẹ ní láti gbé búlọ́ọ̀kì lọ sílùú ńlá, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Ti 504 kò rí bẹ́ẹ̀. Sílíìfù mẹ́rin tó ṣeé yọ ni wọ́n kì bọ inú rẹ̀, omi sì ń ṣàn yí wọn ká. Mẹkáníìkì á fi igi gbá ti àtijọ́ látìsàlẹ̀, á yọ, á ki tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú písítìnì àti rínìngì tó bá a wá nínú páálí kan náà. Abẹ́ igi máńgòrò la ti ń wò wọ́n tí wọ́n ń ṣe é.

Iṣẹ́ náà ní ẹ̀tàn rẹ̀. Òrùka pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ sílíìfù kọ̀ọ̀kan tó ń dí omi, bí kò bá jókòó dáadáa, omi á wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á funfun bí omi ògì, ẹ ó tún gbogbo rẹ̀ tú. Mo rí ọ̀gá kan tó fi rúlà irin lélẹ̀ lórí sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹ̀, ó di ojú kan, ó ń wo ìmọ́lẹ̀ tó ń gba abẹ́ rúlà kọjá. Sílíìfù gbọ́dọ̀ yọ orí díẹ̀ ju búlọ́ọ̀kì lọ, bí irun orí, kí gásíkẹ́ẹ̀tì lè mú un. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ náà wò ó. Ọmọ náà ní ó dára. Ó ní kò dára, ó yọ ẹ̀kẹta, ó nu abẹ́ rẹ̀, ó dá a padà. Ọmọ iṣẹ́ yẹn di ọ̀gá nígbà tó yá, ó sì kọ́ àwọn mìíràn.

Fáànù rẹ̀ náà ńkọ́? Wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣe é kó má máa yí àfi tí omi bá gbóná. Nígbà tí ohun tó ń gbọ́ ooru náà bá kú, tí kò sì sí owó láti ra òmíràn, mẹkáníìkì á fún ìdè mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, fáànù á máa yí títí láé, ọkọ̀ á sì dé Ìlọrin. Wọ́n á fi orí súkúrúdẹ́rẹ́bà gígùn kan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ kan egungun etí, wọ́n á sì sọ fún ẹ pé bíárììnì kejì ló ń ké. Èyí ni mo ń pè ní ọ̀gá ẹ́ńjìnnì: èyí tó gba ọmọ tí kò ju ìwé mẹ́fà lọ láyè láti mọ inú rẹ̀ délẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà ò gbà. Tó bá wálé, á fetí sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, á wá ní, "Ẹ̀yin ò tíì gbọ́ V8." Òun ló sọ fún wa nípa hot rod: àwọn ọ̀dọ́ California tí wọ́n máa ń ra Ford àtijọ́ ní ọ̀pọ̀, tí wọ́n á bọ́ ohun tó wúwo lára rẹ̀ dànù, tí wọ́n á tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe kó lè sáré lórí ilẹ̀ adágún tó ti gbẹ. Ford ló kọ́kọ́ ta V8, ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́jọ, tí apá mẹ̀kúnnù ká, lọ́dún 1932. Chevrolet gbé tirẹ̀ tó kéré jáde lọ́dún 1955, nígbà tó sì fi di 2011, iléeṣẹ́ General Motors ní àwọn ti ṣe ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù irú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa ní òun ni ọba, kò sí àríyànjiyàn.

Mo bi í pé kí ló dé tí àwọn ọ̀dọ́ náà fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ó pọ̀ káàkiri, kò wọ́n, ẹ̀yà ara ọ̀kan sì ń bá òmíràn mu, ìdí nìyẹn tí ọmọ tí kò lówó fi lè tú u nílé bàbá rẹ̀ kó sì tò ó padà. Mo ní ọ̀rọ̀ 504 lo sọ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, kò fèsì. Láti Ọ̀tùn títí dé California, ohun kan náà ni àwọn èèyàn fi ń mọ ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ tiwọn.

Àwọn ọmọ wa á ní Toyota. Wọn ò purọ́, kì í tètè kú. Ṣùgbọ́n tó bá kú, ta ló ń tú u? Wọ́n á ní kí o lọ ra Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn ẹ́ńjìnnì àlòkù láti òkè òkun, ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, wọ́n á yọ ti àtijọ́ sọnù, wọ́n á gbé èyí sí i. Ọmọ iṣẹ́ tó ń wò ò mọ ohun tó pa àkọ́kọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn ará 911 máa ń bi mí ní ìbéèrè tó dùn mí jù: níbo ni 504 rẹ wà? Òótọ́ ni. Lọ́rì 911 ṣì ń kó pákó jáde nínú igbó lágbègbè Ìkọ́lé, 504 sì ti di ohun tí à ń tọ́ka sí tó bá kọjá. Mo kọ̀ kí wọ́n di ẹ̀bi náà ru ẹ́ńjìnnì. Látìgbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé lọ́dún 1986 tí náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀yà ara ilẹ̀ òkèèrè tò ní Kàdúná kọjá agbára tíṣà, páálí sílíìfù náà gbówó lórí, tọ́kunbọ̀ sì kún títì. Náírà ló kọ́kọ́ nọ́ọ̀kì. Àti pé kí àwọn ará 911 lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tún lọ́rì wọn ṣe lónìí. Àwọn tí mo mọ̀ nínú wọn, lára 504 ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́.