Ìbò, Igbó àti Àwọn Aṣíwá: Ohun Tí Mo Fojú Rí ní Colorado

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà pípẹ́, tí n kò rí àyè kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbàkúùgbà tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Texas tàbí Georgia bá pàdé mi níbi ayẹyẹ, tí wọ́n sì gbọ́ pé ìpínlẹ̀ Colorado ni mò ń gbé, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rín. Wọn a ní, “Ẹ ò jẹ́ sọ pé ìlú àwọn amugbó lẹ ti wá!” Lẹ́yìn ẹ̀rín ni wọn óò wá sọ èyí tí wọ́n kà sí òótọ́: pé ọjọ́ tí òfin ìpínlẹ̀ wa fàyè gba igbó mímu ni àwọn amugbó gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà rọ́ dé, pé àwọn ni wọ́n sì gba ìpínlẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Republican, tí wọ́n gbé e lé ẹgbẹ́ Democrat lọ́wọ́. Ìtàn náà dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n kò bá ohun tí mo fojú ara mi rí mu.

Ọdún 2003 ni mo dé ìlú Aurora, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Denver, nípasẹ̀ físà lọ́tìrì. Nígbà náà, Bill Owens, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ni gómìnà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń darí ilé aṣòfin méjèèjì, George W. Bush sì ti fi nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún na Al Gore níbẹ̀ lọ́dún 2000. Kí n tó lo ọdún méjì pé, nǹkan ti ń yí. Nínú ìbò oṣù kọkànlá ọdún 2004, Bush tún wọlé ní Colorado, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Democrat gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ méjèèjì, Ken Salazar sì gba ìjókòó kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fún wọn. Lọ́dún 2006, wọ́n gba ipò gómìnà. Lọ́dún 2008, Denver ni wọ́n ti fa Barack Obama kalẹ̀, ó sì gba ìpínlẹ̀ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka àwọn ọdún wọ̀nyí dáadáa. Oṣù kọkànlá ọdún 2012 ni àwọn olùdìbò fọwọ́ sí Àtúnṣe 64, èyí tó fàyè gba ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 láti ní igbó lọ́wọ́, kí ó sì mu ún. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2014 ni àwọn ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Báwo ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2012 ṣe lè fa ohun tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004? Lóòótọ́, láti ọdún 2000 ni wọ́n ti dìbò pé kí aláìsàn lè lo igbó bí oògùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni àwọn olùdìbò yìí kan náà dìbò fún Bush.

Ní ti àwọn tó ń ṣí wá, ètò ìkànìyàn kò fi ohun kan pamọ́. Àwọn ará Colorado jẹ́ mílíọ̀nù 3.3 lọ́dún 1990. Wọ́n di mílíọ̀nù 4.3 lọ́dún 2000, mílíọ̀nù 5.03 lọ́dún 2010, mílíọ̀nù 5.77 lọ́dún 2020. Ẹ ó rí i pé ọdún mẹ́wàá tí èrò pọ̀ sí i jù lọ ni èyí tó ṣáájú ọdún 2000, nígbà tí ẹni tó bá ń ta igbó ṣì ń lọ sẹ́wọ̀n. Iṣẹ́ ló ń fa ènìyàn wá: iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ilé ìwòsàn, àti àwọn òkè ńlá wọ̀nyẹn tí ọ̀dọ́ tó kàwé kì í fẹ́ jìnnà sí. Irú àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń kó sínú ìlú ńlá, ẹgbẹ́ Democrat ni púpọ̀ nínú wọn ń dìbò fún káàkiri Amẹ́ríkà, yálà wọ́n ń mu igbó tàbí wọn kò mu ún.

Èmi fúnra mi wa takisí ní pápákọ̀ òfurufú Denver fún ọdún 9. Lẹ́yìn oṣù kìíní ọdún 2014, kò sí ọ̀sẹ̀ tí èrò ọkọ̀ kan kì í bi mí pé níbo ni òun ti lè rí igbó rà. Inú mi kì í dùn sí ìbéèrè náà, nítorí ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá mu igbó ti bá ayé rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí nǹkan kan: báàgì kékeré kan ṣoṣo ni àwọn olùbéèrè wọ̀nyí máa ń gbé, ọjọ́ kẹta ọjọ́ kẹrin ni èmi tàbí ẹlòmíràn yóò sì tún gbé wọn padà sí pápákọ̀. Àlejò kì í dìbò. Àwọn tó ń ṣí wá gbé ní tiwọn, ìbéèrè wọn yàtọ̀: èló ni ilé, àdúgbò wo ni ilé-ìwé ti dára, báwo ni yìnyín ṣe máa ń pọ̀ tó. Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí owó ilé fi ga kọjá agbára wa. Èyí ni ìpalára tí àwa òṣìṣẹ́ mọ̀ lára.

Ọdún 2012 ni mo kọ́kọ́ dìbò yan ààrẹ, torí pé ọdún 2009 ni mo di ọmọ ìlú. Orí ìwé ìdìbò kan náà ni orúkọ Obama àti ọ̀rọ̀ igbó wà. Mo yan Obama, mo sì kọ igbó. Ìran tí mo ti wá kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́? Òfin ológun ọdún 1966 nílé sọ pé ẹni tó bá gbin igbó, ikú tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 21 ni tirẹ̀. Wọ́n ti dín ìjìyà náà kù lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù rẹ̀ ni àwọn òbí wa fi tọ́ wa. Aládùúgbò mi, bàbá aláwọ̀ funfun kan tó ní ìbọn mẹ́fà nílé, tí kì í gbọ́ orúkọ Obama sétí kó má fajú ro, sọ fún mi lórí ọgbà pé òun yan Mitt Romney, òun sì fọwọ́ sí igbó. Ó ní kò kan ìjọba ohun tí àgbàlagbà ń ṣe nínú ilé rẹ̀. Mo wò ó, ó wò mí, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n: Àtúnṣe 64 rí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún, Obama rí nǹkan bí ìdá 51 àbọ̀. Igbó ní olólùfẹ́ ju ààrẹ lọ. Gómìnà wa nígbà náà, John Hickenlooper, tí ó jẹ́ Democrat, ń rọ aráàlú pé kí wọ́n má fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá sì fẹ́ gbójú lé ibòmíràn, ẹ wo ìpínlẹ̀ Montana. Ọjọ́ ìbò tí wọ́n fọwọ́ sí igbó níbẹ̀ lọ́dún 2020 ni wọ́n yan Donald Trump pẹ̀lú àlàfo ńlá. Èrò ń ṣí wọ ibẹ̀ gan-an, síbẹ̀ ẹgbẹ́ Republican ló ń lágbára sí i. Ní Florida lọ́dún 2024, ó lé ní ìdajì àwọn olùdìbò tó fẹ́ kí igbó di òmìnira, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ìdá 60 tí òfin wọn ń béèrè. Àwọn olùdìbò yẹn náà ló yan Trump. Ní Colorado níbí pàápàá, nígbà tí iye ènìyàn fún wa ní ìjókòó kẹjọ ní ilé aṣojú-ṣòfin, Democrat ló gbà á lọ́dún 2022, Republican ló sì gbà á lọ́dún 2024.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kan ilé mi.

Àbúrò ìyàwó mi ṣí wá bá wa láti Houston lọ́dún 2014. Ó ní káàdì ìgbélùú, kò sì tíì di ọmọ ìlú. Ẹ lè pe òun ní ẹni tí igbó fà wá, ṣùgbọ́n kì í mu sìgá, áḿbọ̀sìbọ́sí igbó. Iṣẹ́ ló wá. Oko igbó kan ní agbègbè Pueblo, ìlú tí iléeṣẹ́ irin ti gbé gẹ̀gẹ̀ rí kó tó jó rẹ̀yìn, ló gbà á láti máa rẹ́ ewé, kí ó sì máa bomi rin nǹkan. Owó rẹ̀ dára. Ó máa ń sọ fún wa pé àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ òun ń lẹ orúkọ Trump mọ́ ọkọ̀ wọn. Ìbò ọdún 2016 sì fi í hàn: àwọn ará Pueblo kọ̀ jálẹ̀ láti ti ìṣòwò igbó pa, ọjọ́ náà gan-an ni Trump borí níbẹ̀ pẹ̀lú ìbò díẹ̀. Níbi tí igbó ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́, Republican ni wọ́n ń tẹ̀ sí.

Nígbà tí ó ń kọ ìwé láti di ọmọ ìlú, ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe síbẹ̀?”

Mo dá a lóhùn pé, “Kọ ọ́. Iṣẹ́ tí òfin gbà ni, o sì ń san owó orí lé e lórí.”

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn, èmi tí mo dìbò tako igbó. N kò rò ó pé òfin ìpínlẹ̀ lọ́tọ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àlejò sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ń mu igbó, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀, lè dẹni tí kò ní ìwà rere lójú òfin, bí ìpínlẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ fàyè gbà á. Michael Hancock, olórí ìlú Denver, kọ̀wé sí ìjọba lórí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà, nítorí wọ́n ti dá àwọn kan padà. Àbúrò wa náà gba ìwé tirẹ̀. Ó ka gbólóhùn náà fún ìyàwó mi, kò wo ojú mi. Ìwà rere! Ọmọ tó ń fi owó iṣẹ́ náà ra oògùn ìfúnpá ìyá rẹ̀ nílé lóṣooṣù. Lọ́yà wí fún wa pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì ka ọdún márùn-ún kí ó tó tún béèrè. Oṣù karùn-ún ọdún náà gan-an ni Rotimi Akeredolu, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, lọ sí Thailand láti wo bí a ṣe ń sọ igbó di owó fún ìlú. Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn náà, mo pa rédíò.

Àwọn ènìyàn ń sọ pé àwọn tí igbó fà wá ló ń yí ìbò wa padà. Èyí tó wà nílé mi, tí ó tu ewé náà fún ọdún márùn-ún, tí owó orí rẹ̀ wà lára owó tí wọ́n fi ń kọ́ ilé-ìwé, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò kan ṣoṣo. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí gbogbo olùdìbò nílé. Lọ́dún 2016, lọ́dún 2020 àti lọ́dún 2024, àpòòwé méjì ló ń wọlé wa, tèmi àti ti ìyàwó mi. Òun ni ó máa ń kó wọn láti inú àpótí ìfìwéránṣẹ́ wá síwájú mi lẹ́yìn tó padà wá bá wa gbé. Yóò gbé wọn kalẹ̀, yóò sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ó búra gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú lọ́dún 2025. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó yí tábìlì ká, ó ń kọ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹgbẹ́ òṣèlú, ó dúró. Ìyàwó mi na ọrùn láti wo ohun tí yóò mú. Ó mú “kò sí ẹgbẹ́”, bí nǹkan bí ìdajì àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ yìí ti ń ṣe. N kò bi í léèrè ìdí.

Nínú oṣù kẹwàá, àpòòwé mẹ́ta ló dé. Kò sí ọ̀rọ̀ ààrẹ níbẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ igbó. Oúnjẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ìbéèrè méjì fún gbogbo ìpínlẹ̀ lọ́dún náà dá lé. Ó ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó fi mọ́ àwọn lẹ́tà wínníwínní, ó sì ní kí n yá òun ní bírò mi.