Eégún Tó Wà Nínú Orin Ìlọrin

Awakọ̀ tó gbé wa láti Ìbàdàn kò fẹ́ràn rédíò. Orin àtijọ́ ló kó jọ sínú fúláàṣì kan, nígbà tí a sì kọjá Ọ̀yọ́, ohùn Odòlayé Àrẹ̀mú, olórin Ìlọrin, ló gba gbogbo inú ọkọ̀. Àwọn tó ń tòògbé jí. Ìyá àgbàlagbà kan lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn sí òwe kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹni pé òun gan-an ni olórin náà ń bá wí. Bí a ṣe ń wọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe Akíntọ́lá. Ó bá a mu gẹ́lẹ́, nítorí ìlú Akíntọ́lá ni a wà.

Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ni Aláàfin fi jẹ Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kẹtàlá lọ́dún 1964. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kínní, ọdún 1966, àwọn ṣọ́jà pa á nílé rẹ̀ n'Ìbàdàn. Òṣèlú ti pín ilẹ̀ Yorùbá sí méjì nígbà náà, ọ̀pọ̀ ló sì wà tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Odòlayé kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dákẹ́. Ó ń pè é, ó ń kì í, ó ń dárò rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń gbọ́ orin yìí kì í rántí ni pé abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ìlọrin wà nígbà tí Akíntọ́lá kú. Oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ tó di Kwara sílẹ̀. Olórin tí ìjọba kà mọ́ Àríwá ló gbé òkú olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lé ohùn báyìí. Kakaǹfò mìíràn, Àfọ̀njá, ló sì sọ Ìlọrin di ìlú ńlá, ibẹ̀ náà ló kú sí. Nítorí náà, bí ọmọ Ìlọrin bá ń dárò Kakaǹfò, ohun tó ń ṣe ti pẹ́ nílẹ̀ ju òṣèlú ọdún 1966 lọ.

A kọjá Ẹyẹnkọrin, mo sì sọ̀ kalẹ̀ ní Gẹ̀rí Àlímì. Mo ra wàrà díńdín lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Orin dàdàkúàdà ni mo bá wá sí Ìlọrin, orin tí Odòlayé, Jáígbadé Àlàó àti Ọmọékeé Àmàó fi gbajúmọ̀ kárí ilẹ̀ Yorùbá. Mo fẹ́ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìdíjú nínú. Oríkì Ìlọrin tí gbogbo wa gbọ́ láti kékeré sọ ọ́ gbangba pé eégún kò sí nílùú yẹn, pé ẹṣin àti ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi dípò eégún àti orò. Ìlú Mùsùlùmí ni, ìlú àáfà àti ilé kéú. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdul-Rasheed Na'Allah, ọmọ Ìlọrin tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí dàdàkúàdà, ó sì kọ odindi ìwé lé e lórí. Inú iwì eégún, lójú tirẹ̀, ni orin náà ti jáde. Eégún bọ́ aṣọ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ kò lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo tún gbé orin sí i. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń bọ́ látinú oríkì sínú àwàdà, látinú àwàdà sínú èébú onífẹ̀ẹ́, tí wọ́n á tún fò padà sórí ìran ẹni tí wọ́n ń kì láìsinmi níbì kankan.

Ẹnì kan júwe ilé onílù àgbà kan fún mi lápá Òkèlélè. Bàbá náà jókòó sórí ẹní, ó ń fa awọ gángan kan le. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i, mo sọ ohun tí mo bá wá.

"Ta ló rán ẹ?" ló kọ́kọ́ bi mí.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Bàbá. Orin yín ni mo fẹ́ràn."

Ó wò mí títí. "Ṣé o ti kírun àsárì?" Mo ní mo ti kí i. Nígbà náà ló ní kí n jókòó.

Mo bi í ní ọ̀rọ̀ eégún. Kò bínú bí mo ṣe rò. Ó ní bàbá tó bí bàbá òun ti sọ fún òun pé àwọn kan nínú ìran àwọn ń gbé eégún kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó fẹsẹ̀ rinlẹ̀. "Aṣọ ni wọ́n sọ nù, ọmọ mi. Ta ni yóò sọ ẹnu rẹ̀ nù?" Ó ní àwọn àáfà kan wà tó ń wàásù pé orin àwọn kò bójú mu, pé àwàdà ìhòòhò pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn àáfà ọ̀hún bá ń sọmọ lórúkọ, ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí, torí kò sẹ́lòmíràn tó mọ oríkì ilé wọn dé ìdí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ló mú mi lọ síbi ìgbéyàwó kan. Bísímílláhì ni olórin fi bẹ̀rẹ̀, ó ṣe àdúà, ó kí Ọlọ́run àti Ànábì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn èèyàn nílé nílé. Ìran Fúlàní wà níbẹ̀, ti Gòbìrì wà, ti Nupé náà wà. Yorùbá ló fi kì gbogbo wọn, orí sì wú wọn. Mo rí ọkùnrin kan tó ti ń bá olórin jiyàn lórí owó tẹ́lẹ̀, tó yọ náírà nígbà tó gbọ́ orúkọ baba ńlá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí dàdàkúàdà. Kollington Àyìnlá, olórin fújì tí wọ́n ń pè ní Bàbá Alátíkà, ọmọ Ilota lẹ́bàá Ìlọrin ni. Inú wéré tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ń kọ láti jí èèyàn sí sààrì nínú oṣù Ààwẹ̀ ni fújì ti wá. Síkírù Àyìndé Barrister tó sọ ọ́ lórúkọ sọ pé àwòrán Òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfuurufú ló fún òun ní orúkọ náà. Ìyẹn ni gbogbo èèyàn máa ń sọ. Ohun tí a kì í sábà dúró lé lórí ni ohun tí Kollington ṣe: ó mú bàtá, ìlù Ṣàngó, ìlù eégún, ó fi sínú orin tí wọ́n bí nínú Ààwẹ̀. Ẹ fetí sí i dáadáa. Bàtá kò sọ̀rọ̀ Ààwẹ̀ níbẹ̀, ìjó ló ń pè, ìjó tí ẹsẹ̀ wa ti mọ̀ kí a tó bí wa. Ọkàn mi kò gbà pé ó ṣèèṣì jẹ́ pé ọmọ agbègbè Ìlọrin ló ṣe é.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ìbílẹ̀ gbóná nílùú. Ní ọdún 2023, àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ ní Ìlọrin lórí ayẹyẹ Ìṣẹ̀ṣe, gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́ ọ. Èmi kò wá dá sí ìjà ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n ó dùn mí bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí àwọn olórin wọ̀nyí gbàgbé ibi tí ohùn wọn ti wá, nítorí ìmàle tó jinlẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ìrun kì í kọjá wọn, wọn kò sì rí ìjà láàárín àdúà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àti oríkì tí wọ́n fi tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ Bàbá lọ́jọ́ kejì, ohun mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ ìlù, ó ní, wọ́n sì ń rówó nídìí fújì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ oríkì ju ti ilé mélòó kan lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ilé tí òun nìkan ṣì lè kì. Ó béèrè bóyá mo lè kọ Yorùbá sílẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú àmì. Mo ní mo lè ṣe é. Ó ní kí n yọ bírò. Ilé ìyá rẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀.