Ẹ Má Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Ọmọ

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ bá yín sọ, ẹnu èmi fúnra mi ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin kejì kì í tètè dáhùn. Àṣàkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Bí àlejò bá wọlé tí wọ́n kí i, á kúnlẹ̀, á sì dákẹ́. Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, èmi á ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ má bínú o, onítìjú ni." Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo fi ń sọ gbólóhùn yẹn. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ ní ọjà Bódìjà, mo sọ ọ́ níwájú olùkọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àbúrò ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í pé, "Àṣàkẹ́, kí lorúkọ ọ̀rẹ́ rẹ ní ilé ìwé?" Ọmọ gbójú sókè, ó ní, "Èmi kì í sọ̀rọ̀. Onítìjú ni mí."

Ohùn rẹ̀ já geere, bí ẹni tó ń pe orúkọ bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó bi ara mi pé ta ni mo ń gbèjà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Kì í ṣe ọmọ. Bí ọmọ bá dákẹ́ níwájú àgbà nílẹ̀ wa, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé wọ́n á ní mi ò kọ́ ọ nílé. Mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ìyá tó mọ ọmọ tọ́, mo wá fi orúkọ kan kọ́ ọmọ lọ́rùn kí orúkọ tèmi má baà bàjẹ́. Ojú tó ń ti èmi ni mo sọ di ìtìjú ọmọ. Nígbà tí ọmọ sì ti gbà pé òun kì í sọ̀rọ̀, kí ni yóò tún máa wá ọ̀rọ̀ kiri fún?

Àwọn ìyá wa mọ̀ pé ohun tí a bá ń sọ nípa ọmọ létí ọmọ, ó ń bá a jáde lọ sáàárín ẹgbẹ́. Ẹ wo oríkì tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin: Àbẹ̀kẹ́, Àjíkẹ́, Àmọ̀kẹ́, Àṣàkẹ́. Ọmọ ò tíì rìn, kò tíì sọ̀rọ̀, wọ́n ti ń sọ fún un pé ẹni ìkẹ́ ni. Wọ́n pe ọkùnrin ní Àjàní, pé a jà kí ọwọ́ wa tó tẹ̀ ẹ́. Ìyá ọkọ mi kì í kí Àṣàkẹ́ lásán. Bó bá ti kúnlẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, wọ́n á kì í títí wọ́n á fi bọ́ sórí ìran Oníkòyí, ìran jagunjagun. Wọ́n á wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì dúró. Bó pẹ́ títí, wọn ò ní bá a dáhùn. Ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni ọmọ yìí ti ń ròyìn ilé ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹran tí wọ́n ń bù fún un ni mo rò pé ó ń fà á!

Gbogbo wa la máa ń sọ fún ọmọ tó bá ń jáde nílé pé kó rántí ọmọ ẹni tí òun ń ṣe. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n a ti ń sọ ọ́ bí ẹni ń halẹ̀, láìtíì jókòó sọ fún ọmọ náà ọmọ ẹni tó jẹ́. Kí ló fẹ́ rántí?

Èyí tó tún ń dùn mí ni "Ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá." A máa ń rẹ́rìn-ín sọ ọ́, ọmọ á sì wà níbẹ̀. Ọmọ náà ń gbọ́! Bí ẹ bá ní kó lọ bu omi wá, á lọ. Àmọ́ a ti sọ ẹni tó jẹ́ fún un, ilé ìwé tó ń gba owó ìtanràn lórí fanákúlà sì ti fọwọ́ sí i. Bí ìyá àgbà bá wá pè láti ìlú, ọmọ á sọ "hẹ́lò" lẹ́ẹ̀kan, á dá fóònù padà. Ìyá àgbà á rò pé ọmọ ò fẹ́ràn òun.

Ìbẹ̀rù pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán èyí wò láti ọdún 1970, ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún 6 gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó fi Yorùbá kàwé tayọ àwọn yòókù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Èmi ò rò pé èdè nìkan ló ṣe é. Ọmọ tí wọ́n fi èdè ilé rẹ̀ bi ní ìbéèrè ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun wúlò níbẹ̀.

Mo ti ń gbìyànjú láti di ẹnu mi mú. Kò rọrùn. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan wọlé, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ilé ìwé ńkọ́?" Ọmọ kúnlẹ̀, ó ń fi ìka fa etí àga. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Wọ́n wo ojú mi, èmi náà wo ilẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Áńtí wa ti bímọ, ìbejì ni."