Ilé tuntun, igbó àtijọ́: Kẹ́ ẹ tó kó àwọn ọmọ wọ ilé tẹ́ ẹ rà ní Mọ́wé

Tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò ní Bẹ́gà, l'Ékòó, tẹ́ ẹ dorí kọ ọ̀nà Ìbàdàn, ẹ máa kọjá Kárà níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù àti àgbò, ẹ máa kọjá Arẹ́pò, Magbórò àti Ìbafò kẹ́ ẹ tó dé Mọ́wé. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa tó ti fẹ̀yìn tì l'Ékòó ló ń ra ilé sí agbègbè yìí. Àwọn mìíràn ò sì fẹ́ wàhálà bíríkìlà mọ́, ilé tí ẹlòmíì ti kọ́ tán ni wọ́n ń rà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta ilé gbọ́n: iwájú ni wọ́n máa ń kùn lọ́dà. Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Bí ilé náà bá ti wà lófìfo fún ọdún méjì, mẹ́ta, igbó lẹ máa bá níbẹ̀. Eèsún á ti ga ju èèyàn lọ. Ewé Akíntọ́lá á ti gba gbogbo ilẹ̀, èyí táwọn kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ́ (àwọn bàbá wa tó fi òṣèlú sọ ewé lórúkọ ló mọ ìjà tí wọ́n ń jà). Wèrèpè náà á ti pọ́n fẹ́ǹsì. Ẹ má tíì yọ àdá o. Ẹ kọ́kọ́ mú ìwé sọ́fè yín dání, kẹ́ ẹ wá òkúta ààlà ilẹ̀ yín rí, kí ẹ má lọ gé igi onígi, kí ìjà má wọ àárín ẹ̀yin àti aládùúgbò kẹ́ ẹ tó kó dé.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa ni ọ̀rọ̀ kànga. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́lé ládùúgbò tí kò sí omi ẹ̀rọ, wọ́n sábà máa ń gbẹ́ kànga tí wọ́n á fi po sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi pákó tàbí páànù bò ó, wọ́n á sì gbàgbé ẹ̀. Ikán á jẹ pákó, ewé á fà bo ẹnu ẹ̀, ojú ò ní í rí nǹkan kan mọ́. Ọmọ tó ń sáré lé bọ́ọ̀lù ò lè mọ̀. Bákan náà ni ihò ṣalángá àti ìdérí ṣọ́ọ̀kàwéè tó ti là. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta ilé, ẹ tún béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tó ti pẹ́ níbẹ̀. Kí ẹni tó ń ṣán oko fi ọ̀pá gígùn tẹ ilẹ̀ wò kó tó gbé ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá rí i, ẹ fi igi àti aṣọ pupa yí i ká lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì ṣe ìdérí tó lágbára tó ní àgádágodo, kí àwọn ọmọ-ọmọ yín tó dé fún ọlidé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀ lọ wò ó. Afẹ́fẹ́ inú kànga tó ti pẹ́ ní títì lè pa èèyàn, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ fà á jáde lè kú tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lébírà, kẹ́ ẹ jókòó síbi ìbòòji. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà ò gbọdọ̀ wọ sílípáàsì wọ ibẹ̀ rárá, torí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè má mọ̀ pé ẹ̀gún tàbí ìgò ti wọ òun. Bàtà róbà, ṣòkòtò gígùn àti ìbọ̀wọ́ ni kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é kí èso wèrèpè tó gbẹ, kí irun ẹ̀ má fẹ́ síni lára.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa ṣán an lọ síbi fẹ́ǹsì, kí ejò má baà sá wọ yàrá. Paramọ́lẹ̀ kì í tètè sá, ó máa ń dákẹ́ síbi tó wà ni. Bí ejò bá ṣán èèyàn, ẹ má fi abẹ́ sín in, ẹ má fi ẹnu fa oró, ẹ má fi okùn dè é pinpin, ẹ má sì dúró wá òkúta dúdú. Ẹ bọ́ òrùka tàbí bàtà, ẹ fi igi ti ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kó má mì, kẹ́ ẹ sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ti ejò tó ń tu oró sójú, omi tó mọ́ tó sì pọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣan ojú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò, nítorí náà, ẹ ti wádìí èyí tó ní in kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra oògùn apako, ó yá ju àdá lọ. Ẹ ṣọ́ra. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, torí pé ẹnu díẹ̀ nínú ẹ̀ lè pa èèyàn, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n bá rọ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láìsí orúkọ lára, ẹ má jẹ́ kó wọ ilé yín. Ẹ má sì dáná sun igbó náà. Èéfín ẹ̀ ò dáa fún ọmọ tó ní ikọ́ sémìísémìí, ewé Akíntọ́lá tó bá sì ti gbẹ máa ń ràn wàrà.

Táyà àtijọ́, agolo àti ike tó gbomi dúró, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí, ẹ kó wọn kúrò. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ kó ìdọ̀tí eku, nítorí ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa, ìpínlẹ̀ Borno, lọ́dún 1969, ara eku ló ti ń ran èèyàn.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ máa gé o. Mo ti rí ẹni tó gé ewúro tán, tó wá ń lọ ra ewúro lọ́jà. Ẹ fi ewúro, ẹ̀fínrín àti ìbẹ̀pẹ sílẹ̀. Koríko tẹ́ ẹ bá gé, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ìdí ìbẹ̀pẹ. Tẹ́ ẹ bá kó o jọ bí òkìtì sí kọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì, eku á wọ ibẹ̀, ejò tẹ́ ẹ lé lọ á sì wá eku wá.